Ibi Tí Wọ́n So Ìbò Wa Mọ́

Ẹ mú káàdì ìdìbò alálòpẹ́ yín, kí ẹ wo iwájú rẹ̀ dáadáa. Yàtọ̀ sí orúkọ, àwòrán àti ọjọ́ ìbí, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́sàn-án kan tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀: 24 ni Èkó. Méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀: 08 ni Etí-Ọ̀sà, tó bẹ̀rẹ̀ láti Ọbáléńdé àti Ìkòyí, tó gba Victoria Island kọjá, tó wá nà gba gbogbo Lekki títí dé Ajah, Langbasa, Badore àti Ṣàngótẹ̀dó. Méjì mìíràn jẹ́ ti wọ́ọ̀dù. Mẹ́ta ìkẹyìn ni ti ibùdó ìdìbò gan-an, ojú kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà tí ẹ ti lè tẹ̀ka.

Abala 47 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022, òfin tí wọ́n fi ṣe ìdìbò ọdún 2023, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ gbé káàdì rẹ̀ wá síwájú ọ̀gá ibùdó tí orúkọ rẹ̀ wà. Kò sí pé kí ènìyàn fi ìbò ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Kò sí pé kó rán ẹlòmíràn lọ bá a dì í. Kò sí pé kó dì í sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ara rẹ, káàdì rẹ àti ibùdó yẹn gbọ́dọ̀ pàdé láàárín aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago méjì ààbọ̀ tó lù, wọn ò gbọdọ̀ lé e, àmọ́ ẹni tí kò tíì débẹ̀ ti pàdánù nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ìdè yìí ṣe ń ṣe àwọn tó ń gbé láti Lekki dé Ajah. Kò sí òfin kankan tó ní kí wọ́n má dìbò. Síbẹ̀, bí a bá to àwọn òfin àti àṣẹ tó wà nílẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń dí ọ̀nà ìbò mọ́ àwọn ènìyàn yìí ju bí wọ́n ṣe ń dí i mọ́ ọ̀pọ̀ ará ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ìdí rẹ̀ ò ju pé òfin ìdìbò wa gbà pé ibi tí ènìyàn wà lánàá náà ló wà lónìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ará Lekki kì í pẹ́ lójú kan.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ní Ìkàtẹ́, ní Langbasa, ní Badore. Ṣùgbọ́n èrò tó kún ibẹ̀ lónìí, láàárín ogójì ọdún sẹ́yìn ni púpọ̀ nínú wọn dé. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ fúnra wọn wá. Nígbà tí ìjọba ológun Raji Rasaki wó Maroko ní oṣù keje ọdún 1990, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn di aláìnílé, díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí àwọn ilé Ìlàsàn àti Ikota. Lónìí, Ìlàsàn ti di wọ́ọ̀dù tí ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé INEC, àjọ elétò ìdìbò. Ní ìparí ọdún 2016 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, wọ́n tún fi iná àti katakata lé àwọn ará Otodo-Gbame, abúlé apẹja tó wà létí ọ̀sà ní Lekki, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n tú ká sórí omi àti sí ilé mọ̀lẹ́bí káàkiri Èkó. Kí ẹni tí wọ́n lé báyìí ó tó rántí pé òun ní káàdì ìdìbò, ó ní láti kọ́kọ́ rí ibi sùn. Bó bá sì rántí, nọ́ńbà ara káàdì náà ṣì ń darí rẹ̀ sí àdúgbò tí kò sí mọ́.

Ìyẹn ni ti àwọn tí agbára lé kúrò. Ti ayálégbé ni kò hàn sójú, òun ló sì pọ̀ jù. Owó ilé ní agbègbè yìí kì í dúró. Onílé lè fi ìdajì lé owó ọdún tó kọjá, kí ó sì ní kí ẹni tí kò bá lè san án kó ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń sún láti Lekki Phase 1 lọ sí Osapa, láti Osapa lọ sí Ikota, láti Ikota lọ sí Ajah, kí ó tó di ará Ṣàngótẹ̀dó, kí ó tó wá sọdá sí Abíjò tàbí Àwóyáyà. Lójú ẹni tó ń kó ẹrù, láti Ṣàngótẹ̀dó sí Abíjò ò ju ọ̀rọ̀ owó dánfó díẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè má yí padà, ọjà tó ń ná lè má yí padà. Lójú òfin, ó ti kúrò ní Etí-Ọ̀sà bọ́ sí Ìbẹ̀jú-Lekki. Sẹ́nétọ̀ rẹ̀ ti yí padà láti ti Àárín Gbùngbùn Èkó sí ti Ìlà-Oòrùn Èkó, aṣojú-ṣòfin rẹ̀ ti yí padà, alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ti yí padà. Káàdì rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Òfin Ìdìbò 2022 ní ọ̀nà àbáyọ fún un. Abala 13 sọ pé ẹni tó bá ti ń gbé ní ẹkùn ìdìbò mìíràn lè kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà àjọ elétò ìdìbò ní ìpínlẹ̀ tó wà, kó so ẹ̀dà káàdì rẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibi tuntun. Ó kéré tán, ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á tẹ káàdì tuntun tó ní nọ́ńbà tuntun, yóò sì padà lọ gbà á. Lórí ìwé, ohun tó dára ni. Wàhálà rẹ̀ wà nínú pé àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é kì í bá ọjọ́ òfin mu. Ṣáájú ìdìbò 2023, wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2021. Wọ́n fẹ́ tì í ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn ènìyàn gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n fi oṣù kan kún un, wọ́n wá tì í pa ní ọjọ́ 31 oṣù keje. Ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n dìbò ààrẹ. Ẹ ka ohun tó wà láàárín: ọjọ́ 209. Àádọ́rùn-ún péré ni òfin béèrè. Ẹni tó kó dé Ajah ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 kò rí ibi gbé orúkọ rẹ̀ wá, ọmọ tó pé ọdún méjìdínlógún ní oṣù kẹsàn-án kò rí ibi fi orúkọ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àjọ náà nílò àkókò láti yọ orúkọ tó jẹ́ àwítúnwí kúrò, kí wọ́n tó tẹ káàdì. Orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àmọ́ bí ẹni tuntun bá nílò àyẹ̀wò tó gba oṣù púpọ̀, ẹni tí ìka ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún 2011, tó kàn fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn, kí ló dé tí wọ́n fi ti òun náà mọ́ ìta lọ́jọ́ kan náà?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò sí nínú òfin kankan, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ bí ẹni pé òfin ni: “Ẹ lọ dìbò ní ìlú yín.” A gbọ́ ọ púpọ̀ ní Èkó lọ́dún 2023, pàápàá láàárín ìdìbò ààrẹ àti ti gómìnà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí abala 12 wí. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ti pé ọdún méjìdínlógún, lè forúkọ sílẹ̀ ní ibi tó ń gbé, tàbí ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ọmọ Ìbò tó ń gbé ní Jákáńdè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta ṣòkòtò ní ọjà Ajah, Ègùn tó ń pẹja ní Badore, ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní sí ibùdó tó wà nítòsí wọn. Nígbà ìdìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn kan ní Èkó, wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò lórí ìlà nítorí ìrísí wọn tàbí èdè ẹnu wọn. Àwọn alámòójútó ìdìbò láti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn. Ìwà yẹn bà mí nínú jẹ́ gidigidi, nítorí Èkó gba gbogbo wa, kò sì sí Yorùbá tó gbé ní ìlú onílùú tí kò mọ bó ṣe ń rí lára tí wọ́n bá pe ènìyàn ní àlejò níbi tó ti ń san owó orí.

Ká ní orúkọ wà níbi tó yẹ. Káàdì ńkọ́? Fún ìdìbò 2023, ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ó yẹ kó parí ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní, wọ́n sún un sí ọjọ́ 29, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 5 oṣù kejì. Fún bí ọjọ́ mẹ́wàá péré nínú oṣù kìíní ni wọ́n gbé e dé àwọn wọ́ọ̀dù, kí àwọn ènìyàn lè gbà á nítòsí ilé. Ọjọ́ yòókù, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹni tó ń gbé ní òpin Badore tí wọ́n ní kó wá gba káàdì ní ọ́fíìsì, àárọ̀ iṣẹ́ kan ló máa fi ṣe é, bí wọ́n bá rí káàdì náà lọ́jọ́ yẹn. Kò sí owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń jẹun lójúmọ́ mọ iye tí àárọ̀ kan jẹ́. Nígbà tí wọ́n parí pínpín, káàdì tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ni kò rí olówó rẹ̀ ní Èkó nìkan, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọdún 1996, lábẹ́ ìjọba ológun, ni wọ́n to àwọn ibùdó ìdìbò tí a ń lò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120,000 ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ rántí bí Ajah ṣe rí ní 1996: ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ̀sítéètì wà lónìí, ẹrẹ̀ àti igbó ni. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni wọn ò fi kún iye ibùdó yẹn, títí di ọdún 2021 tí wọ́n sọ ọ́ di 176,846. Ti Èkó kúrò ní 8,462, ó di 13,325. Ìtura ńlá ló jẹ́, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ìlà tó máa ń gùn yípo ilé-ìwé kúrú ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n tún kó àwọn ibùdó kúrò láàfin ọba, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé àdáni, kí ojú onílé má baà máa ba olùdìbò lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n ibùdó tuntun kò ní ènìyàn nínú. Àjọ náà ní kí àwọn tó wà níbi tó kún jù fúnra wọn béèrè láti lọ sí ibi tuntun. Ènìyàn díẹ̀ ló béèrè. Nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ibùdó 240 kò ní olùdìbò kankan rárá, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú ètò ọjọ́ náà. Ní àwọn ibòmíràn, àjọ náà fúnra rẹ̀ pín orúkọ sí ibùdó tuntun, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó kàn. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ìlú tí ènìyàn ti ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù bó ṣe ń pààrọ̀ ilé. Màmá kan dé ibi tó ti ń dìbò láti ọdún 2011, ó fi ìka tọ orúkọ lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí tirẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a wá a ní kó lọ wo ibùdó kejì. Ibẹ̀ náà ní ìlà tirẹ̀. Oòrùn ti ń mú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dé ibùdó kẹta.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni Victoria Garden City, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VGC, ẹ̀sítéètì tó wà láàárín Ikota àti Ajah. Àwọn ibùdó ìdìbò wà nínú rẹ̀, àwọn tó sì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ní ọjọ́ ìdìbò gómìnà, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò kò wọlé. Wọ́n ní ohun tí ojú àwọn rí nínú ẹ̀sítéètì náà nígbà ìdìbò ààrẹ kò jẹ́ kí ọkàn àwọn balẹ̀, pé kí àwọn ará ibẹ̀ jáde wá sí ẹnu géètì, níbẹ̀ ni àwọn á to nǹkan sí. Àwọn olùgbé kọ̀. Wọ́n ní inú ni ibùdó àwọn wà nínú ìwé àjọ náà, pé ẹnu géètì kò ní ààbò, pé ta ló fún wọn láṣẹ láti gbé e kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ọ̀sán pọ́n, ilẹ̀ ṣú. Kò sí ẹni tó dìbò nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Àjọ INEC sún un sí ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí èsì ibòmíràn ti ń jáde.

Mo lóye àwọn òṣìṣẹ́ náà. Àgùnbánirọ̀ ló pọ̀ nínú wọn, ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n kó wá láti ilé ìyá wọn, tí kò sí ohun tó ń dáàbò bò wọ́n ju ọlọ́pàá kan tàbí méjì lọ. Mo lóye àwọn olùgbé pẹ̀lú. Ohun tí mi ò lóye ni bí gbogbo àkókò ìmúrasílẹ̀ ṣe kọjá tí ẹnikẹ́ni ò jókòó pẹ̀lú àwọn alága ẹ̀sítéètì láti fẹnu kò lórí ibi tí tábìlì máa wà, ọ̀nà tí ọlọ́pàá máa gbà wọlé, àti ẹni tó máa ṣí géètì fún ará ìta tí orúkọ rẹ̀ wà nínú. Láti Lekki Phase 1 dé Ṣàngótẹ̀dó, géètì lórí géètì ni. Ẹ̀sítéètì tó bá ní ibùdó nínú lè ti ará ìta mọ́ ìta, èyí tí kò bá ní in lè fi ará inú sílẹ̀ kó máa rìn lọ síbi tí kò mọ̀.

Rírìn náà tó ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Láti aago méjìlá òru títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá máa ń pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má rìn. Lọ́dún 2023, àṣẹ náà kan ojú omi pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni àwọn tó ń sọdá láti Badore sí Ìjẹ̀dé ń wọ̀. Òfin Ìdìbò kọ́ ló pa á láṣẹ. Ọlọ́pàá ló ń gbé e jáde nítorí àwọn tó ń jí àpótí ìbò. Kí ẹ wá fi ìdè orí káàdì yẹn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbé ní Ajah tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní Sùúrùlérè, ó ní láti la gbogbo ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá, gba Victoria Island, gun afárá, kó tó dé ibùdó rẹ̀, láìsí dánfó, láìsí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bó bá ní mọ̀lẹ́bí lọ́hùn-ún, yóò lọ sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá ní, ilé ló máa wà. Àrùgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ibùdó rẹ̀ wà ní òpópónà kẹta, ilé ni òun náà máa wà, nítorí ọmọ rẹ̀ ò lè fi mọ́tò gbé e.

Ní Gánà, ọkọ̀ ń rìn lọ́jọ́ ìdìbò. Wọ́n tún ní ètò kan níbẹ̀ fún ọlọ́pàá, ọmọ ogun, oníròyìn àti òṣìṣẹ́ àjọ ìdìbò, láti dìbò ṣáájú. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ni gbogbo ìlú dìbò, àwọn yẹn sì ti dì í ní ọjọ́ 2. Lọ́dọ̀ wa, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àpótí ní Langbasa, àgùnbánirọ̀ tó ń fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, wo ojú àwọn ènìyàn, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn Ajah, gbogbo wọn ò ní ìbò lọ́jọ́ yẹn àfi bí iṣẹ́ bá gbé wọn dé ibùdó tiwọn gan-an.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó dára níbi tó ti dára. Ẹ̀rọ BVAS ti tún nǹkan kan ṣe fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2015, ìka ọwọ́ nìkan ni ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ń wò, kò sì ka ìka ẹni tó ń yan ẹja tàbí tó ń po sìmẹ́ńtì dáadáa. Kódà ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan kọ̀ fún un ní Otuoke lójú gbogbo ayé. Ní báyìí, bí ìka bá kọ̀, ojú máa sọ ọ́. Abala 54 Òfin Ìdìbò 2022 náà ní kí wọ́n pèsè ìwé alámì fún afọ́jú, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí kò lè dá a ṣe mú ẹni tó fọkàn tán wọlé. Ìyẹn fi hàn pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ọ̀nà, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní òkè òkun, àwọn tó ń dí ọ̀nà ìbò máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé àfi kí ènìyàn mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní àwòrán wá kó tó dìbò. Wọ́n gba káàdì Oyster ti àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn ò gba ti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ ìdìbò wọn ṣírò pé nǹkan bí 14,000 ènìyàn ni wọ́n dá padà tí kò tún padà wá. Ní Georgia lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2021 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fún ẹni tó tò sórí ìlà nítòsí ibùdó ní omi mu. Àwọn ènìyàn bínú, wọ́n pe ẹjọ́, nítorí òfin náà ní ojú-ìwé, ó ní ọjọ́, ó ní ẹni tó fọwọ́ sí i. Àwa náà ti ní irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó lọ́dún 1923, ọkùnrin tó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lọ́dún, tó sì ti gbé níbẹ̀ fún oṣù méjìlá, nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́. Obìnrin kankan ò sí níbẹ̀. Ìdíwọ̀n yẹn wà lórí ìwé fún gbogbo ènìyàn láti kà, Oyinkan Abayomi àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó dá sílẹ̀ ní 1944 sì rí ohun tí wọ́n máa dojú ìjà kọ.

Èyí tó wà ní Lekki kò ní ojú-ìwé. Òfin so ìbò mọ́ ojú kan. Ìyẹn ní ìdí. Àjọ ti ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ tó wù ú. Ìyẹn ní ìdí. Ọlọ́pàá ti ọ̀nà. Ìyẹn ní ìdí. Ẹ̀sítéètì ti géètì. Ìyẹn náà ní ìdí. Olùdìbò ló wá dúró sí àárín gbogbo ìdí wọ̀nyí, tí kò sì rí ẹni tó máa pè lẹ́jọ́. Ní Èkó lọ́dún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méje. Àwọn tí ẹ̀rọ dá mọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ jẹ́ 1,347,152. Kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Kì í ṣe ìdènà nìkan ló fà á: òkú wà nínú ìwé náà, àwọn tó ti rìnrìn àjò lọ wà níbẹ̀, àwọn tí ìṣèlú ti sú wà níbẹ̀, àwọn tí ẹ̀rù ń bà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tó kù.

Ọmọ Ìkàtẹ́ tó ń gbé ní Peckham ní London pẹ̀lú ìwé ìgbélùú lè dìbò yan aṣòfin níbẹ̀, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Kò lè dìbò yan gómìnà Èkó láti ibẹ̀, nítorí abala 77 àti 117 ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀, àwọn aṣòfin Àbújá sì kọ̀ láti yí i padà ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ìyẹn máa gba àtúnṣe ìwé òfin. Ti Ajah kò gba ìyẹn. Àjọ INEC lè fi ẹnu ọ̀nà ìṣípòpadà sílẹ̀ ní ṣíṣí títí di àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí òfin sọ. Ọlọ́pàá lè jẹ́ kí bọ́ọ̀sì èrò rìn lórí ọ̀nà ńlá. Àwọn aṣòfin lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n dé ibùdó.

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ olùgbé ẹ̀sítéètì lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ ẹni tó kó wọlé àti ẹni tó kó jáde, wọ́n ń gba owó àbójútó, wọ́n ń fún ayálégbé tuntun ní káàdì géètì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ INEC tún ṣí ìforúkọsílẹ̀: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní ọjọ́ 18, ọ́fíìsì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 25. Bí wọ́n bá ti ṣí i, lọ́jọ́ tí ayálégbé bá wá gba káàdì géètì, kí akọ̀wé ẹ̀sítéètì fi ìwé ìṣípòpadà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú orúkọ ibùdó tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù. Kí wọ́n sì sọ fún mẹ́gáàdì àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé ní bọ́ìs kọ́tà pé àwọn náà lè gbé orúkọ wọn wá síbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé abúlé wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, nítorí abala 12 Òfin Ìdìbò ka ibi iṣẹ́ mọ́ ọn.